Ibi tí Wọ́n Ti Bí Liji

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Liji Kurian, ẹ bi í léèrè ibi tí wọ́n ti bí i. Kì í ṣe pé ó ń tijú ibẹ̀ o. Muscat ni, ìlú Lárúbáwá kan létí òkun, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ṣe nọ́ọ̀sì títí tó fi fẹ̀yìn tì, tí bàbá rẹ̀ sì ń ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n láàárín àwa ọmọ Kerala, ní gúúsù Íńdíà, tí a wà ní Houston, ibi tí wọ́n bí ọmọbìnrin sí ti kúrò lọ́rọ̀ eré.

Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín. Amẹ́ríkà a máa fún àjèjì ní ìwé ìgbélùú, ṣùgbọ́n orí ìlà ni wọ́n ń to èèyàn sí, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìlà tirẹ̀. Wọn kì í wo ìwé ìrìnnà tó wà lọ́wọ́ ẹ. Ilẹ̀ tí ìyá ẹ bí ẹ sí ni wọ́n ń wò. Ìlà àwa tí wọ́n bí ní Íńdíà gùn débi pé àwọn kan ti hu ewú lórí ẹ̀. Ìlà àwọn tí wọ́n bí ní Muscat rèé, gbalasa ni. Òfin sì tún sọ pé bí tọkọtaya bá jọ ń béèrè ìwé, wọ́n lè jọ bọ́ sórí ìlà èyí tó bá kúrú jù nínú tiwọn. Ẹ ò wá rí wàhálà? Gbogbo àpọ́n tí ìlà ti sú ló bẹ̀rẹ̀ sí wá ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Muscat, ní Kuwait, ní Dubai, ì báà rẹwà, ì báà má rẹwà.

Méjì irú wọn ti wá sọ́dọ̀ Liji. Èyí àkọ́kọ́ gbọ́ Muscat, ó gbé ife tíì sílẹ̀, ó ní, "Muscat gan-an? Ẹ fi dá mi lójú!" bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Èkejì kò tíì mọ oúnjẹ tí Liji fẹ́ràn tó ti ń béèrè fọ́tò ìwé ìbí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù kan ti wọ ọmọbìnrin yìí lára tí kò jáde mọ́. Ẹ̀rù náà ni pé òun á fẹ́ ọkùnrin, òun á bímọ fún un, òun á darúgbó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó sì jẹ́ pé Muscat ló fẹ́ ní tiẹ̀.

Ló bá lọ bá Àǹtí Thankamma. Àǹtí yìí ló máa ń bá àwọn ọmọ ìjọ wa wá ọkọ àti aya. Kì í gbowó, ṣùgbọ́n bí o bá dé láìmú súìtì dání, á rí i dájú pé o mọ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, láti òní lọ, ẹ má sọ ibi tí wọ́n bí mi fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Àǹtí fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú láyà. "Láti òní lọ, ẹnu mi ti dí. Ṣùgbọ́n kó o mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ọmọdé o, Liji."

"Mo mọ̀, Àǹtí. Bàbá mi máa ń rán mi létí."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Àǹtí pè é wá jẹun lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀gẹ́ sísè ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tó pọ́n, tó kan, tó ń ta lẹ́nu. Ọkùnrin kan ti jókòó sídìí tábìlì, ó ga, ó tinrin, apá òsì rẹ̀ sì kún fún ojú ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́. Àǹtí ní Eldho Paulose lorúkọ ẹ̀, pé ọmọ Kothamangalam ní Kerala ni, pé dókítà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́. Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ló rántí pé òun ní nǹkan lórí iná, ó sì wọlé lọ, kò jáde mọ́.

"Irú dókítà wo wá lẹ jẹ́?" Liji bi í.

"Ẹ̀fọn ni mò ń sìn."

"Ẹ ń sin kí ni?"

"Ẹ̀fọn. Bí èèyàn mẹ́ta bá jókòó pọ̀, ẹ̀fọn á fi méjì sílẹ̀, á lọ gbájú mọ́ ẹnì kan. Mo fẹ́ mọ ohun tó rí lára ẹni yẹn."

"Kẹ́ ẹ tó lè mọ̀, ẹ gbé apá fún wọn kí wọ́n máa jẹ?"

"Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun, Liji. Òṣìṣẹ́ mi ni wọ́n."

Liji rẹ́rìn-ín títí ata fi gba ọ̀nà imú rẹ̀ jáde. Ọkùnrin náà bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó bi í bóyá ó máa ń wa mọ́tò bí òjò Houston bá ń rọ̀, ó bi í ìdí tí kì í fi í kọrin bí gbogbo ìjọ bá ń kọrin. (Ó ti ń wò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn o!) Gbogbo nǹkan ló bi í tán. Ìgbà tí Liji wọ mọ́tò rẹ̀ ló tó rántí pé kò béèrè ibi tí wọ́n bí òun. Kò béèrè rárá! Ó jókòó síbẹ̀ láìtan iná mọ́tò, inú rẹ̀ ń dùn bí inú ọmọ tí wọ́n gbàgbé láti nà.

Wọ́n ń rí ara wọn. Láti oṣù kẹsàn-án títí ọdún fi yí, kò sí ọjọ́ Sátidé tí wọn kì í jọ jáde. "Ẹ" di "ìwọ" láàárín wọn, Eldho di Dókítà Ẹ̀fọn, ẹ̀fọn tó bá sì jẹ Liji, Eldho ni yóò bẹ̀ ẹ́ lórúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó mú un lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó ti apá bọ inú àpótí alásẹ́, àwọn ẹ̀fọn sì bò ó. Liji figbe ta. Eldho ní kó fọkàn balẹ̀, wọn ò ní àrùn lára, ilé ni wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà.

Ọjọ́ yẹn náà ló sọ ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀ fún un. Ó ní ọ̀nà kan wà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣí sílẹ̀ fún onímọ̀ tí ìmọ̀ rẹ̀ bá ta ti ẹgbẹ́ yọ. Kò nílò kí ọ̀gá kankan dúró fún un, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa dúró fún un. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun tayọ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò bá a pàdé rí láyé gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé àwọn gbọ́ òkìkí ẹ̀, kí òun náà sì jókòó kọ ìyìn ara rẹ̀ jọ.

"Ìyá mi kọ́ mi pé ẹni tó ń yin ara ẹ̀, kò lẹ́kọ̀ọ́ nílé," Eldho ní. "Lọ́yà mi ní, 'Dókítà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ọmọ dáadáa, ẹ padà sílé ìyá yín.' Mo fi ojú bíbò kọ ọ́, Liji. Ojú ń tì mí. Mo kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ òórùn ara èèyàn tó mi nínú gbogbo ayé ẹ̀fọn."

"Wọ́n gbà?"

"Wọ́n gbà. Wọ́n ní òótọ́ ni, mo tayọ, orílẹ̀-èdè wọn nílò irú mi. Wọ́n wá ní níbo ni wọ́n bí mi. Mo ní Íńdíà. Wọ́n ní àwọn kí mi kú oríire, kí n lọ tò sórí ìlà."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yẹ kí Liji la ẹnu nìyẹn, kó ní, "Ó dáa, Muscat ni wọ́n bí èmi." Kò sọ ọ́. Bó bá sọ ọ́, kí ojú Eldho wá tàn bíi ti ẹni àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́? Ó wo ojú rẹ̀, ojú tó ti fẹ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì pinnu pé òun ò fẹ́ rí kó tàn lọ́nà yẹn. Ló bá gbé e mì. Ó rò pé òun nìkan ló ń gbé nǹkan mì.

Oṣù kejì ọdún ni wàhálà dé. Eldho pè é pé kí ó wá bá òun níwájú ṣọ́ọ̀bù ará Íńdíà tí wọ́n ti máa ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín. Nínú mọ́tò ló jókòó sí, kò pa á, kò sì ń lọ síbì kankan.

"Owó tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ wa ti gé," ó ní. "Wọ́n sọ fún wa lánàá. Iṣẹ́ ti tán."

Liji kò nílò àlàyé. Físà tí Eldho fi ń gbélùú, ara iṣẹ́ yẹn ni wọ́n so ó mọ́. Bí iṣẹ́ bá ti bọ́, oṣù méjì péré ni, kó rí iṣẹ́ mìíràn tàbí kó palẹ̀ mọ́. Ta ni yóò sì gba onímọ̀ ẹ̀fọn síṣẹ́ láàárín oṣù méjì? Ipò rẹ̀ lórí ìlà kò ní sọnù o, ṣùgbọ́n Kothamangalam ni yóò ti máa dúró dè é, ọdún tí yóò sì fi dúró, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

"Liji," ó ní. Ó di ọwọ́ mọ́tò mú bí ẹni tó ń sáré lórí títì. "Jẹ́ ká fẹ́ra wa."

Ọdún wo ni ọmọbìnrin yìí ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn! Ó dé tán, àyà rẹ̀ já. Ayọ̀ àti ẹ̀rù jọ wọlé pọ̀, kò sì mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó ní kí Eldho jẹ́ kí òun bá bàbá òun sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ̀ ti padà sí Kottayam ní Kerala lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Ó gbé fóònù, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin, ó wúkọ́.

"Ọjọ́ tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló ní kó o fẹ́ òun?"

"Kì í ṣọjọ́ yẹn, Appa."

"Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́ kejì."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó tiẹ̀ sùn lé e lórí. Ṣé ó mọ ibi tí wọ́n bí ẹ?"

"Kò bi mí rí, Appa. Nítorí ìyẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀."

Liji ń gbọ́ adìyẹ tó ń ké lẹ́yìnkùlé wọn ní Kottayam.

"Liji, ọmọ mi, gbọ́. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ìwé ò jẹ́ kó sùn, tó ń bá ẹ rìn láti oṣù kẹsàn-án, tí ò bi ẹ́ níbi tí wọ́n bí ẹ. Ìwọ ní kò bìkítà. Èmi ní ó ti mọ̀."

Liji pa fóònù náà, ara rẹ̀ tutù nini. Kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó gbé lé orí bí adé láti ọjọ́ ẹ̀gẹ́ àti ẹja yẹn, bàbá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kan yí i padà, ó di nǹkan mìíràn sí i lọ́wọ́.

Lọ́hùn-ún, nǹkan ò rọgbọ fún Eldho náà. Ìyá rẹ̀, Ammachi Sosamma, opó ni, òun nìkan ló sì tọ́ ọ. Ó ní òun ò gbọ́ ọ rí. Ta ló ń gbéyàwó nínú ààwẹ̀? Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì wa sì bẹ̀rẹ̀, èyí tí a kì í jẹ ẹran àti ẹja nínú ẹ̀, tí àlùfáà kankan kò sì ní so ọkọ pọ̀ mọ́ aya títí di Àjíǹde. Bí wọ́n bá dúró de Àjíǹde, oṣù méjì Eldho á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí wọn ò bá dúró, kóòtù nìkan ló kù, ìyẹn ni pé gbogbo Kothamangalam yóò máa fojú wọn ikùn Liji. Ammachi ní ọmọ tí wọ́n bí ní Gulf, ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, tí ò mọ̀lú, kò sí ohun tó ń lé ju ìwé ọmọ òun lọ. Liji náà kò ṣáà tíì ní ìwé, ẹni tó bá sì fẹ́ Eldho á bá a gba tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ́hùn-ún bí wọ́n ti ń bẹ̀rù Eldho níhìn-ín.

Liji gbọ̀nà ilé Àǹtí Thankamma. Kò mú súìtì dání. Àǹtí ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ sọ fún Eldho?"

"Sọ kí ni?"

"Muscat."

Àǹtí yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà nínú epo. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tó o ti bẹ̀ mí. Mo búra, mo sì dúró lórí ẹ̀."

Àyà Liji ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ balẹ̀.

"Kó o tó bẹ̀ mí ni mo ti sọ fún un."

"Àǹtí!"

"Kí ni mo ṣe? Ọmọkùnrin yẹn wá síbí, ó ní, 'Àǹtí, ẹ bá mi wá ọmọ dáadáa, tó bá lè jẹ́ èyí tí wọn ò bí ní Íńdíà.' Mo mú fọ́tò ẹ fún un. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Àwọn kan ń wá aláwọ̀ pupa. Àwọn kan ń wá nọ́ọ̀sì. Ìwọ náà ò ní kí n wá ẹni tó kàwé ni? Ó kàwé. Kí ló wá kù?"

Liji jókòó lé ilẹ̀ ilé ìdáná. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé yẹn, ní gbogbo ẹ̀rín yẹn, Eldho mọ̀. Kò béèrè nítorí kò sí ohun tó kù tó fẹ́ béèrè.

Kò gbé fóònù Eldho ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin náà wá bá a níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ti ń jẹun ọ̀sán. Ó ti rù sí i. Liji kò ní kó jókòó.

"Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ rí mi lọ́dọ̀ Àǹtí, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀." Kò tiẹ̀ rò ó kó tó dáhùn.

"O wá ń bi mí nípa òjò."

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí ẹ ni mo máa ń fẹ́ sọ. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ojú tó o fi ń wò mí báyìí."

"Máa lọ, Eldho."

"Liji, mo fẹ́ràn ẹ."

"Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ò rí ẹ rí kọ̀wé pé o tayọ. Ta ni màá ní kó wá jẹ́rìí èyí fún mi? Máa lọ."

Ó lọ. Liji wo àwo ìrẹsì rẹ̀ títí ó fi tutù. Ìbéèrè kan wà tó ti ń bá a rìn láti ilé Àǹtí, kò sì lè bi í: bó bá jẹ́ pé Íńdíà ni wọ́n bí òun ńkọ́? Bí Eldho bá ní òun ò ní fẹ́ ẹ, ó ti parí nìyẹn. Bó bá ní òun á fẹ́ ẹ, ohun tí gbogbo onírọ́ yóò sọ ló sọ. Kò sí èyí tó lè mú òun sùn nínú méjèèjì. Ló bá gbé ìbéèrè náà pamọ́.

Ààwẹ̀ ń lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọkùnrin ń dúró lápá kan, obìnrin lápá kejì, wọ́n sì jọ ń forí balẹ̀ láìwo ara wọn. Liji gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin pé Eldho ti ta mọ́tò rẹ̀. Ó gbọ́ pé ó ti fi ẹ̀fọn rẹ̀ lé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé kò ní lọ, pé ó kàn ń díbọ́n kí àánú rẹ̀ lè ṣe òun ni. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, ẹ̀rù á tún bà á pé ó ti lọ. Kò jẹun dáadáa mọ́, ó sì ń parọ́ fún bàbá rẹ̀ pé ààwẹ̀ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà Íńdíà, kò mọ̀ ọ́n.

"Ṣé ìwọ ni Liji?" Ohùn àgbàlagbà obìnrin ni, ohùn tó ti sunkún.

"Èmi ni. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́?"

"Ìyá Eldho ni. Kí lo fi ṣe ọmọ mi?"

Liji dìde dúró láìmọ̀. "Ammachi, ẹ kú ọ̀sán. Mi ò ṣe é ní nǹkan kan."

"Dákẹ́. Thankamma ti bá a rí ọmọ mìíràn. Kuwait ni wọ́n bí tiẹ̀. Ọmọ náà fẹ́, ìyá ẹ̀ fẹ́, bàbá ẹ̀ ní kí wọ́n lọ sí kóòtù lọ́sẹ̀ yìí, ì báà jẹ́ Lẹ́ǹtì. Èmi gan-an gbà! Èmi tí mo ní ẹnìkan ò ní gbéyàwó nínú ààwẹ̀, mo gbà. Eldho kọ̀."

"Ó kọ̀?"

"Mo sunkún, ó kọ̀. Mo ní kò sí oúnjẹ tí màá jẹ mọ́, ó kọ̀. Mo ní kí ló ṣe ọmọ náà, ó ní kò ṣe nǹkan kan, kì í kàn án ṣe Liji ni. Ọmọ tó fara ẹ̀ fún ẹ̀fọn jẹ láti ọjọ́ yìí wá nítorí ìwé, ìwé wá dé iwájú ẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ Ajé ló ń bọ̀." Ìyá náà fun imú. "Gbọ́ mi, ọmọbìnrin yìí. Mi ò fẹ́ràn ẹ o. N kò mọ̀ ẹ́, báwo ni màá ṣe fẹ́ràn ẹ? Ṣùgbọ́n bó o bá máa fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ kíá. Bó ò bá sì ní fẹ́ ẹ, pè é kó o sọ fún un pé o ti lọ́kọ, kó lè fẹ́ ọmọ Kuwait."

Ó pa fóònù náà mọ́ ọn létí.

Liji tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó wa mọ́tò lọ sílé Eldho nínú òjò Houston. Kí ẹ má rò pé inú rẹ̀ ń dùn o. Ọmọ Kuwait wà níbẹ̀, Eldho kọ̀ ọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kì í tán nínú ọkàn tí ẹ̀rù ti wọ̀: bóyá Eldho mọ̀ pé ìyá rẹ̀ á pè é, bóyá Àǹtí ló kọ́ wọn. Ó mọ̀ báyìí pé òun á bi í ní ìbéèrè yẹn, ohun yòówù kó ti ẹ̀yìn ẹ̀ yọ.

Eldho ló ṣílẹ̀kùn. Páálí kún ilẹ̀, kò sí àga mọ́. Téèpù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Liji."

"Kí ló dé tó o fi kọ ọmọ Kuwait?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìyá ẹ."

"Ìyá mi pè ẹ́?" Ọkùnrin tí ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ lé lọ, ìgbà yìí gan-an lẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á. "Jésù. Kí ló sọ?"

"Ó ní òun ò fẹ́ràn mi. Eldho, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan. Má tètè dáhùn."

Ó gbé téèpù sílẹ̀.

"Ká ní Kottayam ni wọ́n bí mi ńkọ́?"

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Òjò ń lu fèrèsé. Liji ń wo ètè ọkùnrin yìí, ó ń gbàdúrà kó má sọ ọ́, kó má sọ pé "màá ṣì fẹ́ ẹ náà ni," nítorí bó bá sọ ọ́, òun á yí padà lọ sínú mọ́tò òun.

Eldho jókòó lé páálí kan.

"Ká ní Kottayam ni, mi ò ní mọ̀ ẹ́ rárá. Àǹtí ò ní mú fọ́tò ẹ fún mi, torí mo ti ní kó má mú irú ẹ wá. Àá jọ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. O máa dúró lápá obìnrin níbẹ̀ yẹn láìkọrin, màá kọjá lára ẹ lọ mú mọ́tò mi, mi ò sì ní yíjú wò ẹ́." Ohùn rẹ̀ já. "Mi ò rí oorun sùn nítorí ẹ̀, Liji. Kì í ṣe físà. Mo máa ń rò ó pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ẹ. Pé torí ìwé lásán, torí ìwà ọ̀kánjúà, ni mo fi rí ẹ. Ká ní mo jẹ́ èèyàn dáadáa ju báyìí lọ, mi ò ní mọ̀ ẹ́. Kí ni kí n wá ṣe sí ìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ tí kò gbè Eldho lẹ́sẹ̀ kankan ni, kò sì sí onírọ́ tí yóò fi í gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò lé ẹ̀rù Liji lọ. Ó kàn rí i pé kì í ṣe òun nìkan ni ẹ̀rù náà ń jẹ, pé ọkùnrin yìí ti ń bá a gbé e láti oṣù kẹsàn-án, níhà kejì tábìlì kan náà.

"Mi ò mọ̀ bóyá màá gbà ẹ́ gbọ́ lójoojúmọ́," ó ní. "Àwọn ọjọ́ kan á wà tí màá tún bi ẹ́."

"Màá tún dá ẹ lóhùn."

"Kó o má sọ ohun tó dùn o."

"Mi ò ní sọ ohun tó dùn."

Liji nu ojú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú páálí tó sún mọ́ ọn jù, ó wá orí téèpù náà, kò tètè rí i.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń tú ẹrù ẹ. Ọ̀la la máa lọ gba ìwé ní kóòtù. Àlùfáà á ṣe tiẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde."

"Liji, àwọn èèyàn á sọ pé Muscat ni mo fẹ́. Wọ́n á ní ìwọ náà, ìwé mi lo fẹ́. Títí ayé ni wọ́n á máa sọ ọ́."

"Jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Eldho. Wá bá mi di ibí yìí mú."

Ó wá. Ẹ̀rù ń ba òun náà, kò sì sí èyí tó lè ran èkejì lọ́wọ́ dáadáa nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n jọ fà á títí téèpù náà fi já.